Yàrà Ogun Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì mọ orúkọ Makedóníà. Ní ọdún 1977 ni a ṣí ibojì ọba wọn kan ní Vergina, tòun ti wúrà àti ohun ìjà rẹ̀. Ìjọba Gíríìkì sì kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ojú ibẹ̀ gan-an.

Tiwa kò jìnnà sí yín. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ìhà ìlà-oòrùn yín, ni Erédò Sùngbọ́ wà, yàrà àti odi tí ó yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20 ní ibòmíràn, agbára apá ènìyàn ni a sì fi gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ní Òkè-Èrí ń pe Bílíkísù Sùngbọ́ ní Ọbabìnrin Ṣébà. Àwa kò gbà á: ó ju 1,000 ọdún lọ lẹ́yìn Sólómọ́nì kí a tó gbẹ́ yàrà náà. Kí ni ọlá Sùngbọ́ fẹ́ fi orúkọ àjèjì ṣe?

Ní oṣù May ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú dúró de ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní odò Yẹmọ́jì lẹ́bàá Ìmàgbọn. Wọ́n jà gidigidi, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim borí wọn.

Lónìí, kátapílà ni ó ń wó odi. Lọ́dọ̀ yín náà, a ń la ilẹ̀ fún ilé lójoojúmọ́. Bí ọkọ́ yín bá kan àpáàdì púpọ̀, tàbí tí ẹ rí yàrà gbọọrọ nínú igbó, ẹ má ṣe dí i. Ẹ sọ fún baálẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Abẹ́òkúta.