Ipò àti Ìdí: Àgbéyẹ̀wò Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń To Àwọn Ìránṣẹ́ Rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Àwíjàre mi ni pé ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ yìí: bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú òmíràn, àti bóyá a sọ ìdí rẹ̀ tàbí a fi í pamọ́.

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké ni ó ń jí lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ń so dísíìkì mọ́ ẹ̀rọ, òmíràn ń wá ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, òmíràn ń tọ́jú àkọsílẹ̀, òmíràn ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò. Àwọn ni a ó máa pè ní ìránṣẹ́. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jí? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ìránṣẹ́ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn bá jí kí a tó so dísíìkì rẹ̀, yóò bá àyè òfìfo pàdé, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tuntun síbẹ̀. Nígbà tí dísíìkì bá dé, ìwé tuntun náà a fara sin lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà àtijọ́. Nínú Unix System V, tí ilé-iṣẹ́ AT&T gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1983, nọ́ńbà ni a fi ń dá ipò mọ̀. Lẹ́tà S ni ó ń ṣáájú orúkọ ìwé àṣẹ tí ń jí ìránṣẹ́, nọ́ńbà a sì tẹ̀lé e. S10 a parí iṣẹ́ kí S20 tó bẹ̀rẹ̀. Linux jogún ọ̀nà yìí. Ní Debian nígbà náà, 20 ni nọ́ńbà ìránṣẹ́ tí a kò bá yan òmíràn fún. Bí nọ́ńbà ìránṣẹ́ méjì bá sì dọ́gba, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ni yóò pinnu. Ẹ ò rí i pé álífábẹ́ẹ̀tì ti di adájọ́!

Àléébù tí ó tóbi jù níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà ń sọ ipò, kì í sọ ìdí. Ẹni tí ó bá S35 níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò lè mọ̀ bóyá S30 ni ó ń dúró dè, tàbí àyè ni ó kàn ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù a máa bà á láti ṣí i nípò.

Àtúnṣe tí ó dé ni pé kí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ó nílò, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ṣírò ipò. Debian 6.0, tí ó jáde ní 2011, mú èyí lò: àkọlé Required-Start nínú ìwé àṣẹ ni ó ń sọ àwọn tí a gbọ́dọ̀ dúró dè. Àwọn tí wọn kò nílò ara wọn lè jí pọ̀.

Ní 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde, tí ó ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: Requires fún ìnílò, After fún ìtẹ̀léra. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ iyán nílò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ọbẹ̀ jinná kí a tó gún iyán. Ààrò méjì lè máa jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnílò nìyẹn. Bí àgbà bá wà nílé, a ó dúró kí ó kọ́kọ́ bù. Bí kò bá sí nílé, a kò ní torí rẹ̀ pa ebi mọ́nú. Ìtẹ̀léra nìyẹn. Iṣu àti odó ni ó pa méjèèjì pọ̀: láìsí iṣu kò sí iyán, iṣu sì gbọ́dọ̀ jinná kó tó dénú odó.

Ẹni tí ó kọ Requires nìkan, tí ó rò pé òun ti kọ After, ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí kó kọ̀ lọ́la, nítorí àwọn méjèèjì yóò jùmọ̀ gbéra, ẹni tí ó bá yá ni yóò kọ́kọ́ dé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò gún régé. Nínú systemd, network.target kò sọ pé ìsopọ̀ ti wà, network-online.target ni ó ń dúró de ìyẹn. Ẹni tí ó bá fi èkínní rọ́pò èkejì yóò ránṣẹ́ sí ibi tí ọ̀nà kò tíì là.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ tètè jí, kó má ṣe wá ìránṣẹ́ tí ó lọ́ra jù. Onílọ̀ọ́ra tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Okùn ìdúródeni tí ó gùn jù ni kí ó tọ̀, kó sì bi ìsokọ́ra kọ̀ọ̀kan léèrè ìdí rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé systemd ní alátakò. Ní 2014, àwọn kan yapa kúrò lọ́dọ̀ Debian, wọ́n dá Devuan sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ètò kan ṣoṣo ti gba iṣẹ́ púpọ̀ jù sọ́wọ́. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan kókó ọ̀rọ̀ wa: Debian 6.0 ti ń to ìránṣẹ́ nípa ìnílò kí ó tó gba systemd ní 2015.

Ní àkótán, èrò mi ni pé ètò tí kò sọ ìdí rẹ̀ ń sọ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn di ẹlẹ́rù. Bí a bá kọ ìdí sílẹ̀, ẹni tí kò bá wa pàdé rí lè tún iṣẹ́ wa ṣe láìbà á jẹ́.