Ilé Àjùmọ̀ní ní Etí Òkun: Ta Ni Ó Ni Òpó Rẹ̀?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ mọ́ ilé. Kì í ṣe ilé tí ènìyàn kan kọ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀, bí kò ṣe irú ilé gíga tí àwọn olówó ń rà ní etí òkun àti ní etí ọ̀sà, tí olúkúlùkù wọn ní ìwé tirẹ̀ lórí iyàrá tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì jùmọ̀ ní ìyókù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní kondomíníọ̀mù. Àwa yóò máa pè é ní ilé àjùmọ̀ní. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní òkè òkun ń rà á. Àwọn mìíràn tí wọ́n wà ní Èkó ń san owó sílẹ̀ fún un kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. A sì ti rí òbí tí ó ta ilẹ̀ ìdílé láti fi ran ọmọ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Ó tọ́, nígbà náà, kí a mọ ohun tí a ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dára níbẹ̀, nítorí àwa kì í ṣe ọ̀tá ohun tí ó lẹ́wà. Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ ní àjà kẹwàá, tí ó ká aṣọ ojú fèrèsé kúrò, tí ó sì rí òkun bí ó ti tẹ́ lọ títí tí ó fi kan ojú ọ̀run, kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ojú rí ohun tí ó wù ú. Àwọn tí ń ya àwòrán ilé mọ èyí dáradára, nítorí ìran yìí ni wọ́n sì ṣe ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn a kọ ojú ilé sí omi. Wọn a fi dígí rọ́pò ògiri láti ilẹ̀ dé òkè. Wọn a yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta lókè kí onílé lè jókòó gba atẹ́gùn. Nísàlẹ̀ wọn a ṣe gbọ̀ngàn tí ń dán, ọgbà òdòdó, àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Lábẹ́ àgbàlá adágún náà ni wọ́n sì máa ń fi ibi ìgbọ́kọ̀sí sí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iyàrá bá ti ga sí i, tí ó sì kọjú sí omi, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń ga sí i. Wọn kò sì gbàgbé ìjì. Lẹ́yìn ìjì ńlá tí a sọ ní Andrew, tí ó jà ní gúúsù Florida ní oṣù Ọ̀gọ́sítì 1992, òfin ìkọ́lé ibẹ̀ yí padà, ó sì di dandan pé kí fèrèsé ilé tuntun lè dúró bí ìjì bá ju igi lù ú, tàbí kí ó ní ìbòrí líle.

Gbogbo èyí ni ojú ń rí. Ohun tí ojú kì í rí ni òpó, irin tí ó wà nínú kọnkéré, òrùlé, àti ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni àjùmọ̀ní wà. Òfin pín irú ilé yìí sí ọ̀nà méjì: ohun tí ó wà láàárín ògiri iyàrá rẹ, tìrẹ ni, ṣùgbọ́n òpó tí ó gbé e dúró, kò sí ẹnì kan tí ó lè nà án ní ọwọ́ pé, "Èmi ni mo ni ín." Òfin náà kò tíì gbó púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Puerto Rico ṣe tirẹ̀ ní 1958, Utah tẹ̀ lé e ní 1960. Ní 1961 ìjọba àpapọ̀ gbà láti ṣe onídùúró fún owó tí ènìyàn bá yá ra irú iyàrá bẹ́ẹ̀. Florida ṣe òfin tirẹ̀ ní 1963. Nígbà tí ó fi di 1969, gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ti ní irú òfin náà.

Àwa Yorùbá kò ṣe àjèjì sí ohun àjọni. Nínú agbo ilé, bí kànga bá dí, baálé yóò ránṣẹ́, àwọn géńdé yóò wọ inú rẹ̀, àwọn obìnrin yóò gbé oúnjẹ wá. Baálé kò sí nínú ilé àjùmọ̀ní. Àwọn onílé a máa yan ìgbìmọ̀ láàárín ara wọn, àwọn tí kò gba owó iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbìmọ̀ yìí ni yóò sọ iye tí olúkúlùkù yóò san lóṣooṣù fún ìtọ́jú ilé, àti iye tí a ó fi pamọ́ de ọjọ́ àtúnṣe ńlá. Ẹ wo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ní kí a san owó púpọ̀, a lè yọ wọ́n nígbà ìdìbò. Èyí tí ó bá ní kí a san díẹ̀, ènìyàn rere ni wọ́n. Ní Florida, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tilẹ̀ gba àwọn onílé láyè láti dìbò lọ́dọọdún pé àwọn kò ní fi owó àtúnṣe kankan pamọ́.

Ìlú kékeré kan wà ní àríwá Miami Beach tí a ń pè ní Surfside. Níbẹ̀, ní 1981, a parí ilé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Champlain Towers South: àjà 12, fúláàtì 136, tí ó kọjú sí òkun Àtìláńtíìkì. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Júùnù 2021, nígbà tí aago kan òru ti kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, àwọn ènìyàn wà lórí ibùsùn wọn nígbà tí apá kan ilé náà wó lulẹ̀. Fúláàtì tí ó bá a lọ tó 55. Ènìyàn 98 ni ó kú: arúgbó, ọmọdé, àlejò tí ó wá sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì ni a fi ohun ìbúgbàù wó èyí tí ó kù, nítorí ẹ̀rù pé yóò ya lu àwọn tí ń wa òkú.

Ìjì kò jà lóru náà. Ilẹ̀ kò mì. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní etí òkun rí mọ̀ pé omi iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Páànù tí ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Badagry. Kọnkéré dà bí òkúta lójú, ṣùgbọ́n ihò wẹẹrẹ kún inú rẹ̀, omi àti iyọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi kan irin. Nígbà tí ìpáàrà bá mú irin náà, a wú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, a sì máa ti kọnkéré láti inú wá, títí yóò fi là; nígbà tí ó bá sì ti là, omi mìíràn ti rí ọ̀nà. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ṣe máa ń jẹ́ kí kọnkéré tí ó bo irin nípọn sí i ní etí òkun, tí wọ́n sì ń ṣe ilẹ̀ àgbàlá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má bàa dúró.

Ní Surfside, àgbàlá adágún kò gẹ̀rẹ́. Ní 2018 ẹnjiníà kan tí ìgbìmọ̀ onílé pè wá wo ilé náà kọ̀wé pé a tẹ́ ohun tí ń dá omi dúró síbẹ̀ ní pẹrẹsẹ, pé omi ń dúró lórí rẹ̀ títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀, àti pé kọnkéré tí ó wà nísàlẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi. Ó ṣírò iye owó àtúnṣe sí nǹkan bí mílíọ̀nù 9 dọ́là. Owó tí ó wà nípamọ́ kò tó mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà, òṣìṣẹ́ ìlú kan dìde nínú ìpàdé àwọn onílé, ó sì sọ fún wọn pé ilé náà dára púpọ̀. Èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ẹ rò pé ó dùn ún gbọ́?

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní owó náà pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní kí a wá ẹnjiníà mìíràn. Ní 2019 ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ìpáàrà kò dúró de ìpàdé. Nígbà tí ó fi di oṣù Épírì 2021, iye àtúnṣe ti di mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ẹni tí fúláàtì rẹ̀ kéré jù yóò san nǹkan bí 80,000, ẹni tí tirẹ̀ tóbi jù lókè pátápátá yóò san nǹkan bí 336,000. A ní kí sísan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Júláì. Ilé náà wó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ó kú. Àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀, nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2023, sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àgbàlá adágún náà kò ti lágbára tó bí òfin ìgbà tí a kọ́ ọ ti béèrè, àti pé lẹ́yìn náà a tún gbé ẹrù kún un: àpótí òdòdó, yanrìn àti òkúta ìtẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ pẹ̀lú pé àgbàlá yìí ni ó kọ́kọ́ jìn, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ilé. Àwọn baba wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra iyàrá ní àjà kẹwàá ní ogún ọdún lẹ́yìn tí a kọ́lé kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń po sìmẹ́ńtì. Ohun tí ó rà ni àṣìṣe ẹlòmíràn, pẹ̀lú òkun tí ó rí láti ojú fèrèsé.

Ní 2022 ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn owó tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ fún àwọn ẹbí àti àwọn onílé. A ta ilẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 120. Ní ọdún kan náà Florida ṣe òfin tuntun: ilé àjùmọ̀ní tí ó tó àjà mẹ́ta gbọ́dọ̀ rí ẹnjiníà nígbà tí ó bá pé ọdún 30, tàbí ọdún 25 níbi tí iyọ̀ òkun bá súnmọ́, àwọn onílé kò sì lè dìbò mọ́ pé àwọn kò ní fi owó pamọ́ fún òpó, ìpìlẹ̀ àti òrùlé. Ṣáájú èyí, ọdún 40 ni wọ́n ń lò ní agbègbè Miami, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan wó níbẹ̀ ní 1974, tí ó pa ènìyàn 7.

Òfin náà dára. Síbẹ̀ ó ń dun àwọn kan. Opó tí ó ra fúláàtì rẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì, kò ní ibi tí yóò ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lójijì. Ọ̀pọ̀ ti ta ilé wọn nítorí èyí, ní 2025 a sì dẹ òfin náà díẹ̀. Àwa kò rí i bí a ti lè dẹ ìpáàrà bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó. Láàárín 1908 sí 1912, nígbà tí a fẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ èbúté, a mọ odi òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà. Yanrìn etí òkun wa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn; odi náà dá a dúró, yanrìn kún apá ìwọ̀ oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Lórí ibi tí òkun jẹ náà ni a wá ń kọ́ Eko Atlantic sí: láti nǹkan bí 2009 ni a ti ń fi yanrìn dí òkun, láti rí ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà 10 ní igun mẹ́rin, pẹ̀lú odi tí a ní gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 8.5. Àwọn ará Òkun Alfa, ní ìlà oòrùn, ń ráhùn pé òkun ti kọjú sí àwọn. Etí òkun pẹ̀lú jẹ́ àjùmọ̀ní, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tí ó sọ bẹ́ẹ̀. (A kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa Màrókò, tí a lé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Júláì 1990, tí ilẹ̀ rẹ̀ wá di ti àwọn olówó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

Nítorí náà, bí ọmọ wa bá sọ pé òun fẹ́ ra iyàrá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gùn ún lọ wo òkun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tún gba iná tọ́ọ̀ṣì, kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ó wo àjà rẹ̀ bóyá omi ń kán, bóyá àwọ̀ ìpáàrà ń jáde lára òpó. Kí ó béèrè ìwé ìpàdé àwọn onílé, kí ó ka ohun tí wọ́n jà lé lórí. Kí ó béèrè iye owó tí ó wà nípamọ́, àti orúkọ ta ni owó náà wà ní báńkì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nínú ilé àjùmọ̀ní, ará ilé ẹni lè tó igba, a kò sì mọ orúkọ ìdajì wọn.

Ilé gbígbé gíga tí ó kọ́kọ́ parí ní Eko Atlantic, nǹkan bí 2016 ni. Ogójì ọdún rẹ̀ yóò pé ní nǹkan bí 2056. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ kò ní tíì tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Owó òpó ọdún yẹn, ọdún yìí ni a ti ń kó o.

Bí Alága bá gbà wá láyè, a ó gbọ́ ìbéèrè yín.