Ta Ni Ó Ni Igbó Òrìṣà Lójú Òfin?

  

Ọ̀rọ̀ òfin ni ẹ ní kí n sọ. Ohun tí ojú mi rí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò kan ní Ọ̀kà, àwọn olùsìn dáwó, wọ́n ra ilẹ̀ kún igbó òrìṣà. Orúkọ àgbà awo kan ni wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí pé wọ́n fọkàn tán an. Baba kò dalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé jáde, wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ìwé kò mọ òrìṣà. Orúkọ baba wọn nìkan ni ó mọ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní ọ̀nà àbáyọ fún irú èyí. Ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission yóò yan àwọn olùtọ́jú dúkìá. Lójú òfin, wọn yóò di ara kan ṣoṣo tí kì í kú. Ó lè ní ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́. Bí olùtọ́jú kan bá kú, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì wà níbi tí ó wà.

A ó kéde orúkọ ẹgbẹ́ nínú ìwé ìròyìn méjì, a ó sì fún aráyé ní ọjọ́ 28 láti tako ó. Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ìpín 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sìn. Ìpín kan náà kò fàyè gba ẹgbẹ́ òkùnkùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ète wa hàn gbangba. Ohun tí ó jẹ́ awo nínú igbódù, awo ni. Ìwé owó kì í ṣe awo.

Àwọn kan ń kọminú nípa ìpín 839, èyí tí ó fàyè gba dídá àwọn olùtọ́jú dúró bí ìwà àìtọ́ bá wà. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, tako ó gidigidi. Èmi náà kò fẹ́ kí àjèjì wá ṣe olórí ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó tí ó mọ́ ni ààbò wa. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ń pín gẹ́gẹ́ bí èrè. Ohun tí aboyún tàbí aláìsàn fún babaláwo fún iṣẹ́ rẹ̀, ti babaláwo ni. Ohun tí a dá fún igbó, ti igbó ni. Àpò méjì ni, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 2010, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní Bìrìtìkó tí a ń pè ní Druid Network di ẹgbẹ́ àánú lábẹ́ òfin ibẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàlàyé àǹfààní tí ìsìn wọn ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Àwa tí a ń tọ́jú igbó, odò àti ewé kò ṣàìní ohun tí a ó sọ.

Kí a tó tún pàdé, kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan kọ ààlà ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì yan olùtọ́jú lọ́kùnrin àti lóbìnrin, lágbà àti lọ́dọ̀ọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí igbó má ṣe bá ẹnikẹ́ni kú mọ́.

Àṣẹ.