Ṣé Àtẹ̀gùn Ni Tàbí Àtẹ Ọjà?

Àwọn nọ́ọ̀sì ní okùn ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọdé tó ti pé oṣù 6 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5. Bí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, àwọ̀ ewé ni. Bí ó bá dín sí i ṣùgbọ́n tí ó tó 11.5, àwọ̀ ìyeyè ni. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni: ebi ti fẹ́ pa ọmọ náà.

Àtẹ̀gùn nìyí, ọ̀kan ga ju èkejì. Ẹni tó ń wádìí ohun tó fà á, kí ó lo ordinal logistic regression, tí Peter McCullagh ṣàlàyé ní 1980. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tó gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀, àtẹ ọjà nìyẹn. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Multinomial ló yẹ ẹ́.

Ẹ ṣọ́ra o! Ordinal gbà pé agbára kan náà ni ohun tí à ń wádìí ní níbi ààlà méjèèjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, multinomial lè gbà yín, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé pupa burú ju ìyeyè lọ, ó sì ń fẹ́ ọmọ púpọ̀ sí i nínú ìwádìí. Ìṣirò tí a ṣì yàn lè gbé oúnjẹ kọjá ilé ọmọ tí ebi ń pa.