Ojú Irin àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Ta Ló Ń Pinnu Ibi Tí Ọkọ̀ Yóò Dúró?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè, àgbà ni Abẹ́òkúta, ìlú àwa Ẹ̀gbá. Ó ti lé ní 120 ọdún tí ojú irin ti wọ ilẹ̀ wa. Èkó àti àwa la jọ bẹ̀rẹ̀ lórí irin kan náà. Lónìí, Èkó ní rélùwéè ìgboro tirẹ̀, àwa kò ní. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí irin ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní 1896 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Ìdó ní Èkó. Irin náà gba Agége, Ifọ̀, Ìtòrí àti Wásinmi, ó sì dé Arò lẹ́yìn Abẹ́òkúta, létí odò Ògùn, kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901, wọ́n ṣí i títí dé Ìbàdàn, ìrìn nǹkan bí 193 kìlómítà.

Nígbà yẹn, ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò sí lábẹ́ Èkó. Àdéhùn tí àwọn aṣáájú wa bá Gómìnà Gilbert Carter ṣe ní 1893 gbà pé olómìnira ni wá, a sì ní Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá tiwa lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Ilẹ̀ jẹ́ tiwa, àmọ́ irin tó kọjá lórí rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹrù ni àwọn tó tẹ́ ẹ ń rò: èkùrọ́, epo pupa, òwú, kòkó, gbogbo ohun tí ọkọ̀ òkun ń dúró dè ní Èkó. Irin tóóró ni, àlàfo rẹ̀ kò ju 1,067 mílímítà lọ. Nítorí kí owó má baà pọ̀, wọ́n jẹ́ kó máa lọ́ yí òkè ká dípò kí wọ́n gé òkè náà. Ìdí nìyẹn tí eré ọkọ̀ fi lọ́ra lórí rẹ̀ títí di òní.

Èmi kò sọ pé a kò jẹ nínú rẹ̀. Rélùwéè gbé obì wa lọ sí òkè Ọya, ó sì gbé màlúù bọ̀ ní Láfẹ́nwá. Ó mú kí ìpàtẹ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Aké láàárín ìlú ní láti wá ọ̀nà dé Arò tàbí Láfẹ́nwá kó tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ní 1918, nígbà tí wọ́n fi owó orí kún iṣẹ́ àfipáṣe, Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn jagunjagun hú irin rélùwéè, wọ́n já okùn tẹligíráàfù. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i: ohun tó yẹ kó jẹ́ ọlà fún wa ni àwọn bàbá wa rí bí ọwọ́ aninilára. Èèyàn kì í hú ohun tó bá mọ̀ pé tòun ni.

Ohun tí Èkó ṣe

Èkó kò débi tó dé lọ́jọ́ kan. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń gba orí afárá Carter láti Ìdó wọ erékùṣù. Nígbà tó fi di 1933, ó ti kógbá sílé. Ní 1983, Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè ìgboro tí wọ́n pè ní Metroline. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e, owó ńlá sì ṣègbé.

Èkó tún gbìyànjú. Ní 2002, wọ́n dá àjọ LAMATA sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ètò ìrìnnà gbogbo ìgboro. Gómìnà wá, gómìnà lọ, àjọ náà dúró, ìwé ètò kò sọ nù. Gómìnà Fashola bẹ̀rẹ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní Blue Line. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún, iná mànàmáná ló ń wà á. Ní 29 oṣù Kejì 2024, wọ́n ṣí Red Line, kìlómítà 27 láti Ọ̀yìngbò dé Àgbàdo.

Owó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́: ẹnu ọ̀nà wa ni Àgbàdo wà. Ẹnu ààlà gan-an ni ọkọ̀ Èkó dúró, ó sì yẹ kí àjọ kan wà ní ìhà tiwa tí yóò nawọ́ gbà á.

Laderin àti ọjọ́ iwájú

Ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, àlàfo 1,435 mílímítà, pẹ̀lú owó yíyá láti Ṣáínà. Ibùdó tiwa ní Laderin ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ti Papalanto ń jẹ́ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Orúkọ ọmọ wa wà lára ògiri, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú ni Laderin wà, bí Arò ṣe wà lẹ́yìn ìlú láyé Gbádébọ̀.

Ohun kan ti yí padà. Ní oṣù Kẹta 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ní rélùwéè tirẹ̀. Àwíjàre ti tán.

Mo bẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn kó fi òfin dá àjọ ìrìnnà tí gómìnà kankan kò ní lè tú ká sílẹ̀. Kí àjọ náà kọ́kọ́ ṣètò bọ́ọ̀sì tó ń pàdé ọkọ̀ ní Laderin, tí yóò máa lọ sí Kútọ̀, Pánsẹ́kẹ̀ àti Láfẹ́nwá. Kó jókòó pẹ̀lú LAMATA àti àjọ rélùwéè ilẹ̀ wa, kí ọkọ̀ òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ lè kọjá Àgbàdo wá sí Ifọ̀, Papalanto àti Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ará ìlú, bí olóṣèlú bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í léèrè ọkọ̀ ojú irin kí ẹ tó bi í léèrè ìrẹsì. Ilẹ̀ tiwa ni irin gbà kọjá. Ẹ jẹ́ ká dìde, ká wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò dúró.