Ẹ Jẹ́ Ọ̀gá Rere fún Ara Yín

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Kò pọ̀ nínú wa mọ́ ẹni tí ó ń jẹun lórí owó oṣù nìkan. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni ìjọba fọwọ́ sí 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, gbogbo wa la sì mọ bí ọjà ṣe ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ mì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú fi ní ìsọ̀ kékeré ní Muṣin, tí awakọ̀ fi bá ìyàwó rẹ̀ dá òwò ìrẹsì àti ẹ̀wà sílẹ̀, tí òmíràn sì ń ṣe POS lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Yábàá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè: nígbà tí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́, tí ẹ dé ìsọ̀ ti ara yín, ta ni ọ̀gá níbẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ṣé ọ̀gá rere ni yín?

Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá: ìwé, ẹ̀rí àti ìsinmi. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni a máa ń fi du ara wa ní ìsọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ṣáájú. Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irú iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí a ó máa san án gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti gbọ́," a kì í tìtorí ìyẹn tú ká. A máa ń ní kí ó fọwọ́ sí i. Kí ló wá dé tí ènìyàn fi ń ta ọjà 40,000 náírà láwìn fún aládùúgbò, tí kò sì kọ ọ́ síbì kankan?

Ẹ ra ìwé kan, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ oníbàárà, ọjà tó rà, iye tó san, iye tó kù àti ọjọ́ tí yóò san án. Kí ó fọwọ́ sí i lójú yín. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ lórí fóònù, ẹ kọ àdéhùn náà ránṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, báyìí: "Ẹ ní kí n rán aṣọ iléèwé mẹ́ta. 12,000 náírà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ti san 6,000. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ ó wá gbà á." Ẹ dúró kí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ lè pa ìjà tí ìbá dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kọ owó ọbẹ̀ tí ẹ ń mú nínú ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Owó tí a ń mú díẹ̀díẹ̀ láìkọ ló máa ń pa ìsọ̀ nígbà tí a rò pé ọjà ń tà.

Ìkejì ni ẹ̀rí. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n kì í fọwọ́ sí ìwé owó láìka owó. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 owó bébà di ohun àwátì, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí kò gba tíránsífà rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á tipátipá. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Owó bébà padà wá, ṣùgbọ́n tíránsífà kò lọ mọ́, àwọn gbájúẹ̀ sì bá a jókòó.

Álẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù yín, ọ̀rọ̀ tí a kọ ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè kọ irú rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ báńkì yín sí i lórí. Èyí tí oníbàárà ń nà sí yín lórí fóònù tirẹ̀, àwòrán ni. Inú àkáǹtì yín ni òtítọ́ wà. Ẹ ṣí áàpù báńkì, tàbí kí ẹ fi kóòdù báńkì wo iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó gbé ọjà lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sára páálí, kí ẹ gbé e kọ́ síwájú ìsọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, a máa ń wo àkáǹtì kí a tó fún yín lọ́jà." Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síta, kò sí ẹni tí yóò kà á sí ìwọ̀sí, ọmọdé tó ń bá yín dúró ní ìsọ̀ á sì ní ohun tí yóò nawọ́ sí.

Báńkì kì í béèrè PIN yín. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló fi béèrè. Ẹni tó bá gbà á yóò gba WhatsApp yín, yóò sì máa fi orúkọ yín yá owó kiri. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà àṣírí tiyín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èrò já bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ mọ bí fóònù ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ olè. Olè lè ki síìmù yín bọ fóònù mìíràn, kí ó fi kóòdù báńkì gbọ́n àkáǹtì yín gbẹ. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín fi PIN sí síìmù náà. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà oníye 15 tó bá jáde sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tí a fi ń pe báńkì láti ti àkáǹtì pa, kí ẹ fi í sílé. Èyí tó wà nínú fóònù tí wọ́n jí kò lè gbà yín.

Èyí tó ń ṣèlérí èrè ńlá láìṣiṣẹ́ náà ńkọ́? MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù kejìlá ọdún 2016. CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Kí ẹ tó fi owó ìsọ̀ sí ibì kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ SEC bóyá ó forúkọ sílẹ̀.

Ìkẹta ni ìsinmi. Ní ọdún 1919 ni àjọ ILO ṣe ìpinnu wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òfin Iṣẹ́ tiwa náà fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí 24 gbáko láti sinmi nínú ọjọ́ méje. A jà fún un, a gbà á, a sì tún ń fi ọwọ́ ara wa tà á. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin, tó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, tó tún dúró ní ìsọ̀ di aago mọ́kànlá, kò sí ọ̀gá òyìnbó kankan tó fi ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Awakọ̀ tí kò sùn, ẹ̀mí èrò ló ń gbé sáré.

Ẹ yan ọjọ́ kan tí ìsọ̀ yóò wà ní títì, kí ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, nítorí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí ó bá ń dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Bí gbájúẹ̀ bá sì ti mú yín, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín. Àròkàn tí a dá gbé ń pa ni ju owó tó sọnù lọ.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù ti ra ìwé, kí ó gbé páálí kọ́, kí ó sì yan ọjọ́ ìsinmi. A ó bi ara wa. Ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹlòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.