Ẹni tí wọ́n mú kò tíì jẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Massè

 

Ká ní ewúrẹ́ sọnù ní abúlé. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ló jí i. Ariwo ta: olè! olè! Ẹlòmíràn ti gbé igi. Ẹ dúró ná. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Òfin-ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá lù ú, òun náà ti rú òfin.

Wọ́n mú un lọ sí kọmísáríà. Kí ni ẹbí rẹ̀ yóò ṣe?

Èkíní: ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀. Wákàtí 48 ni òfin fún pòlíìsì. Bí wọ́n bá mú un ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pé ní aago 8 àárọ̀ Ọjọ́rú. Lẹ́yìn èyí, àfi kí wọ́n mú un dé iwájú adájọ́, kí adájọ́ fàyè sí i. Síbẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ.

Èkejì: wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ kí ó lè jẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè dí i lọ́wọ́ kí dókítà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè wá avokà.

Ẹ̀kẹta: wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní Faransé. Ìwé yìí ni adájọ́ yóò kà. Kí ó tó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka, kí ó ní kí wọ́n kà á fún òun ní èdè tí òun gbọ́. Bí ohun tó sọ kọ́ ló wà níbẹ̀, kí ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó má fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá tì í mọ́lé ju bí òfin ṣe wí, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Òfin-Ilẹ̀ ní Kútọnu. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, kí ẹ fọwọ́ sí i tàbí kí ẹ tẹ̀ka.

Òfin yìí kò gbè sẹ́yìn olè. Bí ó bá jí ewúrẹ́ lóòótọ́, ilé ẹjọ́ Pobè yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí kò bá jí i ńkọ́?

Lánàá, ìka nìkan la ń tẹ̀. Lónìí, a mọ ọjọ́ kọ, a mọ wákàtí kọ. Ẹ fi dáàbò bo ara yín.